Ilé Ẹ̀gà Tí Ìmọ́tótó Gbá Dànù

Ọkọ mi ò lè rí ewé nílẹ̀ kó má ṣà á. Ìmọ́tótó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì wù ú. Bó bá gbá àgbàlá wa tán, á dúró, á máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n fi nà án.

Ilé àlejò kékeré la ní. Àlejò á dé nírọ̀lẹ́, á sùn, ilẹ̀ á mọ́, á lọ. Ohun tó ń wọlé ò tó tún òrùlé ṣe. Ọkọ mi bá wá iṣẹ́ awakọ̀ sí ọ̀nà jíjìn, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa lè wálé. Wọ́n ti gbà á, èsì rẹ̀ ni wọ́n ń retí. Mi ò fẹ́ kó lọ. Mo sọ fún un, mo tún sunkún sí i, ó ní kí la ó wá máa jẹ.

Àfìgbà tí olùkọ́ kan dé, obìnrin tó ti ń dàgbà, tó fi awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà kọ́ ọrùn. Ó gbé àga sẹ́yìn ilé ìdáná láti òwúrọ̀, ó ń wo àwọn ẹ̀gà tó kọ́ ilé kún igi ńlá ibẹ̀. Èmi tí ariwo wọn kì í jẹ́ kí n gbọ́rọ̀ ara mi, mo rò pé nǹkan ń ṣe é.

"Ìyá, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ní," ló wí. "Níbi tí mo ti wá, wọ́n ti gé igi tán, ẹ̀gà ò sí mọ́. Màá kó àwọn ẹgbẹ́ mi wá. Bí èèyàn bá ń sanwó wá wo igi, ta ló máa gé e?"

Ó ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n máa lò. Ọkọ mi bẹ àwọn tó ni iṣẹ́ awakọ̀ náà kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dé, mo lọ ra ẹja. Nígbà tí mo padà, àgbàlá ń dán. Mo gbójú sókè. Kò sí ilé ẹ̀gà kan ṣoṣo lórí igi. Ìmọ́tótó dúró lábẹ́ rẹ̀ tòun ti ọ̀pá gígùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti bá ọ kó pàǹtí yẹn kúrò. Ilé gbígbẹ tí wọ́n ti pa tì látìgbà tí ọmọ wọn ti fò ni. Kó má lọ já lu àlejò lórí."

"Pàǹtí yẹn ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Mo ṣe bí ẹyẹ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

"Ẹyẹ náà dà?"

Kò sí ẹyẹ. Mo sọ̀rọ̀ tí a ò lè kọ sínú ìwé. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ọ̀pá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò sí bí a ṣe máa se ebòlò tí kò ní í rùn ìgbẹ́. Ó ní kí òun kúkú pe àwọn tó ni iṣẹ́ náà pé òun ń bọ̀. Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí àlejò dé, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Olùkọ́ wo igi, ó gbé ẹrù rẹ̀ wọlé.

Ariwo ló jí wa láàárọ̀. Mo sáré jáde. Ẹ̀gà ti dé, imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́nu kálukú, wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀ka. Àwọn àlejò ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí oúnjẹ.

"Ilé tó ti parí ni mo máa ń bá," olùkọ́ sọ jẹ́jẹ́. "Mi ò rí ìpìlẹ̀ rí." Ó yíjú sí ọkọ mi. "Ẹ má tún dán an wò o. Tí ẹyin bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Ìmọ́tótó wí, gbogbo wa bá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lò kọjá ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí òrùlé ilé ẹ̀gà náà. Aládùúgbò wa tó fẹ́ gé ọ̀pẹ rẹ̀ rí i pé ibẹ̀ ni ẹ̀gà ti ń ya imọ̀, ló bá gbé àáké wọlé, ó tún yàrá kan ṣe fún àwọn tí tiwa ò gbà. Àwọn mìíràn ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Ayọ̀ mi ò ṣeé pa mọ́ra.

Ọjọ́ tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni fóònù ọkọ mi dún. Abẹ́ igi ló wà, ó dé fìlà funfun. Bó ṣe gbé e sétí ni ẹ̀gà kan ṣu sí i lórí fìlà. Mo dúró kó ṣí i. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ wá ẹlòmíràn. Mo ti níṣẹ́ nílé."

Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó wá jókòó tì mí.