Àwọn Ayálégbé Inú Bọ̀dá Ọbayẹmí

2.
…ojú Bọ̀dá Ọbayẹmí sì pọ́n bí ata rodo tí wọ́n lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Kúnbi, ni; ọ̀dọ̀ wọn ni èmi Diméjì ń gbé ní Gwarinpa. Kò sùn láti ayé Nóà. (Irọ́ ni. Láti ọdún tó kọjá ni.) Bó bá yán, àwọn ará Orozo, ní òdìkejì Àbújá, a sáré ká aṣọ wọlé, wọ́n á ní òjò ń bọ̀.

3. ÌWÉ ÌPÈ
Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ìgbéga, àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tí a pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò dáhùn, ó di ọdún mìíràn.

3½.
Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Ó fi ìhanrun dáhùn.

4. ILÉ ÌWÒSÀN
DÓKÍTÀ BALKIS: Àwọn kòkòrò àìfojúrí wà nínú ìfun yín, sà.
BỌ̀DÁ: Ẹ̀jẹ̀ Jésù!
DÓKÍTÀ: Gbogbo wa la ní wọn. Àwọn ni wọ́n ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ nípa oorun. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ògì, nónò, wàrà kíkan àwọn Fúlàní. Ẹ jẹun lásìkò.
BỌ̀DÁ: Wọ́n ń sọ̀rọ̀? Nínú tèmi?
DÓKÍTÀ: Kai! Ẹ ṣáà fún wọn lóúnjẹ.

5. WHATSAPP: JAGUNJAGUN ÀDÚRÀ
Bọ̀dá Ọbayẹmí: Ẹ̀yin ará, dókítà ti rí wọn. Wọ́n pọ̀.
Pásítọ̀ Japheth: Ebi la ó fi lé wọn jáde! Ààwẹ̀ gbígbẹ, kò sómi!
Àǹtí Kúnbi: Pásítọ̀, dókítà ní kó BỌ́ wọn.
Pásítọ̀ Japheth: Arábìnrin, ta ló ń bọ́ ọ̀tá?
Àmín. Àmín. ÀMÍN.

6. LÁTI INÚ IKÙN (etí mi ni mo fi gbọ́, mo búra)
Sí Onílé: O gé omi. O gé oúnjẹ. O tún wá ń fò lé wa lórí, ò ń pariwo “Kú! Kú!” Ẹni tébi ń pa kì í kọrin ìrẹmọlẹ́kún fún ẹnikẹ́ni.

7.
Ààwẹ̀ mú. Ojú là ju ti ẹja lọ.

8.
Àǹtí Kúnbi gbé ògì kíkan àti mọ́ínmọ́ín ka iwájú ọkọ rẹ̀.
“Dádì Jọlá, ẹ jẹ ẹ́, àbí kí Pásítọ̀ lọ bá yín dáhùn ìbéèrè lọ́jọ́ Ajé?”
Ó jẹ ẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́.

9. ỌJỌ́ AJÉ, INÚ ỌKỌ̀, IWÁJÚ Ọ́FÍÌSÌ
AKỌ̀WÉ (lójú fèrèsé): Ọ̀gbẹ́ni Ọbayẹmí!
ÈMI: Àǹtí, Bọ̀dá ti sùn.
KÚNBI: Irú oorun wo?
ÈMI: Ti ọmọ tuntun. Itọ́ ń dà.
AKỌ̀WÉ: Ọbayẹmí! Ẹ̀ẹ̀kejì rèé o!
KÚNBI: Jí wọn.
ÈMI: Ẹ jí wọn fúnra yín.

10.
Ọwọ́ Àǹtí Kúnbi wà léjìká ọkọ rẹ̀.

Kò mì í.

Kò sì gbé e kúrò.