Erin Tó Wọ Ẹsẹ̀ Ẹyẹ

Ẹ bá mi yọ̀ o! Orin ni mo mọ̀, n ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi débi pé mo ní dandan, màá kọ ọ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Ìyá Kékeré nítorí pé ó máa ń bá mi wí bíi pé òun ló bí mi, ló ni àwọn ère wínníwínní kan, tí wọn ò ju àtàǹpàkò lọ: ẹyẹ, ẹja, ọ̀kẹ́rẹ́, àti obìnrin kan tó mú idà dání. Ẹ má pè wọ́n ní ère lásán o. Pèpéle kékeré kan wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, tó ń tàn bí ojú ológbò. Bí ọmọ bá gbé ẹja lé e, ẹja á wọ inú géèmù lọ, odò á sì ṣí níbẹ̀. Bó bá gbé ọ̀kẹ́rẹ́ lé e, igbó á yọ. Èmi á wà lórí àga mi, màá máa wò ó, á sì máa ṣe mí bíi kí n ká ìró sókè kí n bọ́ sínú odò yẹn.

Ẹyẹ ló fẹ́ràn jù. Alásè nínú ọkọ̀ ojú omi ni ìyá rẹ̀, ọmọ mi. Kó tó wọkọ̀ lọ, òun àti ọmọ rẹ̀ kọ́ ilé kan sórí òkè nínú géèmù, wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní pupa rúsúrúsú. Ẹyẹ yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn náà mọ̀, òun nìkan ló ń ṣí fún. Ìyá ní, "Mo ti fi nǹkan kan síbẹ̀ nígbà tó o sùn. Má ṣílẹ̀kùn o. Bí mo bá dé, a ó jọ wọlé ni." Ọmọ sì mú sùúrù. Ó gbé ẹyẹ kalẹ̀ sórí pẹpẹ ara ògiri, ó ń wojú ọ̀nà.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ pé. Ọmọ wà nílé ìwé, èmi ń gbálẹ̀. Mo bojú wo àwọn ère: eruku! Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo sì fi gbogbo ìgbà agbára mi ṣe. Aṣọ tó bá níyì, n kì í fọ̀ ọ́ tòun ti bọ́tìnnì. Màá já bọ́tìnnì sílẹ̀, màá fọ aṣọ, màá wá rán bọ́tìnnì padà. Ni mo bá rọra yọ ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ère kọ̀ọ̀kan, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo kó ara wọn sínú omi ọṣẹ. Mo kó erin kan mọ́ wọn, erin tó jáde látinú páálí bisikíìtì, tí kò sí nínú géèmù rárá. Mo ń fọ̀, mo ń kọrin:

Ẹ wọlé wẹ̀, ẹ̀yin ará odò,
ọṣẹ á hó, eruku á lọ,
àlejò wa ń bọ̀ lórí omi,
ẹ dán kó tó dé o, ẹ dán.

Ẹsẹ̀ ẹja, búlúù. Tọ̀kẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé. Tonídà, pupa. Tẹyẹ dúdú, terin náà dúdú. Bọ́tìnnì dúdú ṣáà ni bọ́tìnnì dúdú. Mo fi gọ́ọ̀mù oníbàtà lẹ̀ wọ́n, wọ́n le gbagidi.

Ìyá Kékeré dé, kò tíì bọ́ bàtà tó ti gbé ẹyẹ lé pèpéle, kó lè mọ̀ pé gbogbo nǹkan wà bó ṣe yẹ. Pèpéle ò tàn. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. Kò sí nǹkan kan.

"Màmá Àgbà! Kí lẹ fi ẹyẹ mi ṣe?"

"Mo wẹ̀ ẹ́ ni. Àbí kò dán?"

"Ẹ wẹ̀ ẹ́? Ẹ ò kúkú lọ̀ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù!"

Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rí omi lójú rẹ̀.

"Ó ti kú," ló wí. "Ilẹ̀kùn ò ní ṣí mọ́. Kí ni mo máa sọ fún mọ́mì mi?"

Mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lórí páànù, ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ń rọra yí lára ògiri bí omi. Mo ń kọrin fún un títí oorun fi gbé e lọ, oorun sì gbé èmi náà.

Mo bá ara mi lórí òkè, lẹ́bàá ilẹ̀kùn pupa rúsúrúsú yẹn, mo ń sá aṣọ. Erin kan fò wá láti ojú ọ̀run, ó fúyẹ́ bí òwú, ó bà sórí okùn aṣọ mi, okùn ò tiẹ̀ mì. Ó ń súfèé.

Mo ní, "Bàbá, ta ló yá yín lẹ́sẹ̀ ẹyẹ?"

Ó ní, "Ìwọ náà ni, alágbàfọ̀. O rán bọ́tìnnì ẹlẹ́wù mọ́ ẹ̀wù ẹlòmíì."

Ẹ̀rín ló jí mi.

"Ìyá Kékeré, dìde! Gbé erin lé e."

"Erin bisikíìtì? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Màmá Àgbà."

"Gbé e lé e ná. Bó bá di irọ́, kó o máa pè mí ní Ìyá Bisikíìtì."

Bó ṣe gbé erin dání báyìí ni ilẹ̀kùn ilé wa gbá, tí ọmọ mi wọlé, báàgì léjìká, òjò lára. Wọ́n dì mọ́ra wọn títí, omi aṣọ ìyá rin ọmọ gbingbin.

"Ó yá," ni ìyá wí. "Ilé wa dà?"

Ọmọ wojú mi. Mo mi orí sí i. Ó di ojú, ó gbé erin lé pèpéle.

"Háà! Kí lerin ń wá níbí?" ni ìyá rẹ̀ ké.

Kó tó sọ tán, pèpéle tàn yòò. Ẹyẹ na ìyẹ́ jáde nínú tẹlifíṣọ̀n, ó fò gba inú kùrukùru gun òkè lọ. Ilẹ̀kùn mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn ṣí.

Àga mẹ́ta ló wà nínú ilé náà. Lẹ́yìn wọn, okùn kan nà láti ògiri dé ògiri, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí rẹ̀.

"Màámi, tiyín nìyẹn," lọmọ mi wí. "Mo mọ̀ pé ẹ ò lè jókòó lásán."

Àṣé ẹsẹ̀ ẹyẹ tí mo ṣèèṣì lẹ̀ mọ́ erin ni pèpéle mọ̀, kì í ṣe ara. Gọ́ọ̀mù oníbàtà kọ̀, kò tú mọ́. Erin ló wá ń gbé lórí pẹpẹ báyìí bí ọba, ẹyẹ sì dúró lójú fèrèsé, ó ń wo òde. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti gbé erin lé pèpéle, èmi á fà sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n:

Erin fò, erin bà,
erin ò já okùn mi o,
ẹ bá mi sá aṣọ sókè,
afẹ́fẹ́ ilé wa dára.