Búlúù Ni Gbogbo Wọn

...búlúù. Búlúù náà ni! Mo gbé àwo náà súnmọ́ fèrèsé, bóyá ojú ló ń tàn mí... Rárá o. Kò sí funfun kan ṣoṣo nínú gbogbo bakitéríà tó hù yìí. Funfun lèmi Olúrẹ̀mí ń wá! Èyí tó bá gba ẹrù ló ń funfun. Èyí tó bá jẹ́ búlúù, ọwọ́ òfo ni plasimíìdì fi wọnú ẹ̀.

Plasimíìdì — òrùka DNA kékeré tó yẹ kó bá mi gbé jíìnì wọlé — kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́ gan-an? Dókítà Adémúyìwá tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí mi ti sọ ọ́ lánàá: "Tí kò bá tún bọ́ sí i, a máa yí iṣẹ́ ẹ padà." Yí i padà kẹ̀? Kí n padà sí Efire, kí n sọ fún bàbá mi pé kòkòrò tí mo bù nínú ẹrẹ̀ ọ̀sà, èyí tó ń jẹ epo tó ń ba ẹja wọn jẹ́... pé mi ò rí jíìnì ẹ̀ gbà? Háà. Ojú á gbà mí tì.

Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi gbóná, ìyá mi kúkú ti sọ. Wọn kì í jẹ́ kí n rẹ ẹ̀gẹ́ sómi nílé: "Fi sílẹ̀ fún Níkẹ́ àbúrò ẹ, tìẹ kì í rọ̀." Ọwọ́ yẹn náà ni mo gbé wá sí Àgọ́-Ìwòyè, mo wá ń fi í —

Ṣùgbọ́n dúró ná. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni, ṣebí nǹkan kan ò ní hù? Àwọn wọ̀nyí hù. Wọ́n kún àwo bámúbámú. Plasimíìdì wọlé, ẹrù ni kò gbé. Kí ló dé tí kò... Ẹrù yẹn! Báwo ló ṣe tóbi tó?

Jíìnì tó ń jẹ epo kì í ṣe ẹyọ kan, odidi agbo ni. Lẹ́tà DNA tó ọ̀kẹ́ méjì. Plasimíìdì ò sì lè gbé ju bí ẹgbàárùn-ún lọ. Yéè! Agbọ̀n ẹja ni mo gbé lé ọmọ jòjòló lórí látọjọ́ yìí. Kósímíìdì, ìyẹn plasimíìdì tí wọ́n ṣe fún ẹrù ńlá, ló ń gbé ọ̀kẹ́ méjì! Wọ́n á dì í sínú orí fáírọ́ọ̀sì tó ń kọlu bakitéríà, ìyẹn á sì gbé e wọlé fún wa.

Àmọ́ Dókítà fúnra wọn ló fún mi ní plasimíìdì yìí. Ta ni mí tí n óò fi sọ pé kò tó? ...Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ má bínú sà... Ẹ má bínú kẹ̀? Ta ni mo ṣẹ̀? Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, àwo búlúù ṣì wà lọ́wọ́ mi, àyà mi sì balẹ̀. Mi ò wá bẹ̀bẹ̀. Kósímíìdì ni mo wá gbà.