Báàsì Bàbá Baytown

“Ẹja báàsì tí èmi Múyìwá fà jáde nínú Lake Houston lọ́dún tó kọjá, ìrù rẹ̀ nìkan ni mo kọ́kọ́ ń rí láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú. Nígbà tí orí rẹ̀ máa fi jáde, omi adágún ti fà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀rọ omi gbogbo ìlú Humble gbẹ, àwọn òyìnbó ń gbé báàfù síta kí òjò lè rọ̀ sí i. Bàálù kan tó fẹ́ balẹ̀ rí ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán yanran, ó rò pé ibi tí wọ́n ní kí òun balẹ̀ sí nìyẹn. Ọwọ́ kan ni mo fi dá bàálù yẹn padà. Ọwọ́ kejì ṣì di ẹja mú.”

Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sharpstown, ní ìgboro Houston, ni mo ti sọ ọ́, lẹ́yìn ìsìn, láàárín àwọn mọ́tò, àwọn ọkùnrin pé bò mí.

Ládépọ̀, tí a jọ ń gbé apartment kan náà, ló kọ́kọ́ ya ẹnu. “Báàsì wo lò ń sọ? Èyí tí wọ́n ń kọ nínú kúáyà ni àbí ti gìtá?”

“Ẹja ni mo wí, aláìmọ̀kan! Ẹja ẹlẹ́nu gbàgàdà. Ẹnu ló fi pọ̀ ju ara lọ.”

“Ẹ̀yin méjèèjì jọra nígbà náà.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò kà wọ́n sí. “Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí,” mo ní, “inú ọkọ̀ ojú omi sì ni. Kí n tó mọ̀ ọ́n rìn ni mo ti mọ ọkọ̀ wà. Tí ìyá mi bá fẹ́ rán mi ní iṣẹ́, omi ló máa ń bá sọ̀rọ̀.”

Àfi bí ọwọ́ kan ṣe bà lé mi léjìká. Bàbá Dáramọ́lá ni. Bàbá Baytown ni gbogbo wa ń pè wọ́n, nítorí pé ilé iṣẹ́ epo tó wà ní Baytown ni wọ́n ti ṣe ẹnjiníà títí irun wọn fi funfun. Àwọn gan-an ló ń kọ báàsì nínú kúáyà wa. Tí wọ́n bá wú ikọ́ lásán, àga á mì.

“Ọmọ Ẹ̀pẹ́,” wọ́n ní, “wá.”

Wọ́n fà mí sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò wọn. Wọ́n ní ilé làwọn ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àlọpátápátá. Wọ́n ti ta ilé tí wọ́n ń gbé. Ó ku káyáàkì méjì nínú gáréèjì, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí, ẹni tó rà wọ́n sì máa wá kó wọn ní ọ̀sán Sátidé.

“Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lọ sórí adágún yẹn,” wọ́n ní. “Báàsì kan ṣoṣo, kódà èyí tó tó ìka mi, kò gbé ìwọ̀ mi rí. Ilé apẹja ni wọ́n bí mi sí, Múyìwá. Wọ́n fi mí sílé ìwé ní kékeré, mo kàwé, mo kàwé, ìwé gbé mi dé ibí. Bàbá mi kú láìrí ẹja kan tí mo fi ọwọ́ ara mi mú. Ṣé o mọ ohun tí àwọn àbúrò mi ń pè mí? Ẹnjiníà Ajẹja-má-pẹja. Mi ò fẹ́ fi orúkọ yẹn padà wọlé. Àárọ̀ Sátidé nìkan ló kù.”

Ojú wọn pọ́n díẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé, “Bàbá, mò ń ṣàwàdà ni.” Ẹnu tèmi ti lọ jìnnà. “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀! Sátidé yìí, ẹja á to sẹ́yìn ara wọn níwájú yín bí ẹni tó fẹ́ gba fíísà.”

Káyáàkì? Orí mọ́tò tó ń kọjá lórí freeway ni mo ti ń rí i. Láti ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò jẹun. Bàbá òyìnbó onírùngbọ̀n kan wà lórí fóònù tó ń kọ́ ènìyàn ní báàsì pípa. Ohun gbogbo tó bá sọ, mo há a sórí bí ẹsẹ Bíbélì.

Ní Fúráìdé, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìpẹja, èmi, Bàbá àti Tófúnmi ọmọbìnrin wọn. Ibí ni wọ́n bí Tófúnmi sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ máa ń fò sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbáwí nìkan ló ń pè tó ń dún gaara.

Kí n tó ṣẹ́jú, Bàbá ti kó ọ̀pá ìpẹja méje sínú kẹ̀kẹ́ ìrajà, pẹ̀lú àpótí ìwọ̀ tó tó pósí.

“Ẹ dá a padà, sà!” mo ké. “Ọkọ̀ kékeré kì í ṣe ilé ìtajà. Ọ̀pá méjì ti tó, èyí tó le fún inú koríko, èyí tó rọ̀ fún gbangba. Àpótí kékeré kan. Ohunkóhun tí ọwọ́ yín kò bá lè tó láti orí ìjókòó, kò wúlò fún yín, torí ẹ ò gbọdọ̀ dìde dúró.”

“Jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó ńkọ́? Mo ní ọ̀kan. Abẹ́ àga ọkọ̀ ló ń wà.”

“Abẹ́ àga ni omi á ti bá a nígbà náà, Bàbá, kò ní bá a lára yín. Ẹ wọ̀ ọ́. Kí ẹ sì mú èyí tí fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè, kí àga má baà tì í gun yín lọ́rùn.”

Mo gbé àkèré onírọ́bà kan fún wọn. “Àárín òṣíbàtà ni báàsì ń gbé. Ìwọ̀ méjèèjì ara àkèré yìí fara mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní há sí ewé. Okùn tí wọ́n dì bí irun ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe èyí tó ń nà bí rọ́bà. Tí ẹja bá kọ lù ú, omi á dún gbàmù, àyà yín á já. Ẹ má fà á o! Ẹ dúró kí ẹ mọ ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á bí ẹni fẹ́ ya ilẹ̀kùn. Tí kò bá sí àwọ̀n nítòsí, ẹ fi àtàǹpàkò sí i lẹ́nu, kí ẹ di ètè ìsàlẹ̀ mú. Eyín rẹ̀ kò ju ìwé yanrìn lọ. Ara rẹ̀ á rọ̀ wọ̀ọ̀. Ohun gbogbo tó bá wà nínú ọkọ̀, ẹ fi okùn so ó.”

Tófúnmi ti ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò lórí fóònù. Ó gbé ojú sókè. “Dádì, òótọ́ ló ń sọ o.”

Ó ya Tófúnmi lẹ́nu. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu jù ú lọ.

Bàbá wá gbé igi tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ sókè, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí méjèèjì. “Kí lẹ ń pe èyí ní Ẹ̀pẹ́?”

“Pádù ni, sà.”

Wọ́n wò mí títí. “Pádù,” wọ́n fi ohùn báàsì wí. Wọ́n wú ikọ́, wọ́n sì rọra gbé e sílẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, a dé etí Lake Houston. Ìkùukùu ń rìn lórí omi bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Àwọn igi ńlá dúró sínú omi dé orúnkún. Lékeléke kan fò kọjá, òjìji rẹ̀ sì ń fò ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹyẹ nínú méjèèjì. Ìlú tí mò ń gbé nìyí? Ìlú tí mo rò pé kọnkéré àti èéfín mọ́tò nìkan ni Ọlọ́run dá sí i?

Bàbá wọ ọkọ̀ tiwọn, wọ́n so ohun gbogbo bí mo ṣe wí. Èmi náà wọ tèmi. Tófúnmi dúró lórí àfárá onípákó kékeré létí omi, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya wá.

“Bọ̀dá Múyìwá, ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ kọjú sí o.”

“Bí a ṣe ń jókòó ní Ẹ̀pẹ́ nìyẹn! Ká lè rí ẹni tó ń lé wa.”

Ọ̀dọ̀ mi ni àwọ̀n wà. Igi ìwakọ̀ mi wà lórí itan mi. Okùn tó yẹ kí n fi so ó, mo ti fi so ike jọ̀lọ́ọ̀fù mi mọ́ ara mi kó má baà ṣubú. Mo yí po bí òkòtó, síbẹ̀ ọkọ̀ náà sún mọ́ Bàbá, bóyá atẹ́gùn ló ṣàánú mi.

Bàbá ju àkèré. Ó bà sórí ewé òṣíbàtà, pàkà. Wọ́n jẹ́ kó sinmi. Wọ́n fà á díẹ̀, ó bọ́ sínú àlàfo omi dúdú kékeré kan.

Omi bẹ́ gbàmù!

Mo sọ fún yín, ewé òṣíbàtà fò bí ẹni tó ń da àwo nù. Bàbá ò fà á. Wọ́n ń dúró kí wọ́n mọ ìwúwo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya ilẹ̀kùn náà! Ọ̀pá wọn tẹ̀ bí ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí ọba. Ọkọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀, ẹja ló ń wà á.

“Àwọ̀n!” Bàbá bú bí ààrá. “Múyìwá, gbé àwọ̀n wá!”

Àgbà ni wọ́n. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa wo ló máa fi ọwọ́ kan gbé nǹkan fún àgbà? Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwọ̀n, mo tẹrí ba, mo nà án. Nǹkan kan yọ́ kúrò lórí itan mi, pọ́ṣọ́.

Tófúnmi ké láti orí àfárá. “Bọ̀dá Múyìwá! Àjẹ́! Àjẹ́ yín! Ẹ̀yìn yín!”

Àjẹ́? Lórí omi? Láàárọ̀ kùtù? Ní Texas?

“Àjẹ́ yín ti ń lọ!”

“Kó máa lọ!” mo ké. “Kó máa lọ, kó má padà mọ́!”

“Ẹ mú un!”

“Mú àjẹ́? Èmi?” Mo ju àwọ̀n sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ̀yin àjẹ́ ilé bàbá mi ní Ìkirè! Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèpàdé lẹ́yìn ọjà Ìkirè! Ẹ ò rí mi mú ní Ìkirè tí wọ́n bí mi sí, ẹ wá ń tẹ̀ lé mi dé orí omi tí n kò dé rí! Iná! Mo ní iná!”

Bí mo ṣe ń dá iná sílẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbé èmi àti àwọ̀n lọ. Ó ku Bàbá nìkan pẹ̀lú ẹja wọn. Mo rí i tí ẹja náà dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó gbọn orí, omi fọ́n sí Bàbá lójú. Tó bá tún gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ nìyẹn. Bàbá wo ibi tí mo wà, wọ́n wo ẹja. Wọ́n na àtàǹpàkò jáde.

Wọ́n fi í sí ẹja náà lẹ́nu, wọ́n di ètè ìsàlẹ̀ mú. Ara ẹja rọ̀ wọ̀ọ̀.

Wọ́n gbé e sókè.

Ẹ gbọ́, mo ti pa irọ́ fún ọlọ́pàá rí, mo ti pa fún dókítà eyín nígbà tí ẹnu mi là sílẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, mo wá ohun tí màá fi kún ẹja yẹn, mi ò rí. Láti ìgúnpá Bàbá, ó kọjá orí ìka wọn. Ara rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ìlà dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ là bí ẹni tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yà lẹ́nu. Ìkùukùu dúró. Mo gbàgbé àjẹ́.

“Bàbá mi,” Bàbá Baytown wí, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀, “ẹ wò ó.”

Tófúnmi ń sunkún, ó ń ya fọ́tò. Bàbá rọra rẹ ẹja náà sínú omi, wọ́n gbé e rìn síwá sẹ́yìn títí ó fi mí. Wọ́n ṣí ọwọ́. Ó lọ.

“Bàbá!” mo ké. “Ata wà nínú mọ́tò!”

Wọ́n yí ojú sí mi. “Múyìwá.”

“Sà.”

“Àjẹ̀ ni ọmọ mi ń pè. Igi tí à ń fi wa ọkọ̀. Ahọ́n rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà sókè. Àbí ọmọ tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ kò mọ àjẹ̀?”

Mo bojú wẹ̀yìn. Igi ìwakọ̀ mi ń léfòó lọ jẹ́jẹ́ láàárín òṣíbàtà.

“Ọmọ Ejìnrìn ni èmi,” Bàbá ń bá a lọ, “ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀pẹ́ gan-an. Láti ọjọ́ pádù ni mo ti ń wò ẹ́ níran. Ìkirè! Ìkirè tí wọ́n ti ń din dòdò! Odò wo lo ti kọ́ ẹja pípa níbẹ̀?”

“Odò epo dòdò, sà.”

Tófúnmi ti jókòó lórí pákó, ẹ̀rín ò jẹ́ kó dúró. Ó na fóònù sókè. “Bọ̀dá Ìkirè! Fídíò yín ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo kúáyà! Bọ̀dá Ládépọ̀ ti ń fèsì!”

Mo fò sómi. Mo gbà kí ó gbé mi mì. Ó dé mi ní orúnkún. Mo ya òṣíbàtà kọjá, mo gun etídò, jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó ń gbá mi létí, ike jọ̀lọ́ọ̀fù ń wọ́ tẹ̀ lé mi lórí okùn. Ohùn báàsì ń lé mi bọ̀ lẹ́yìn, ó ń mi gbogbo igi etí omi: “Ọmọ Ìkirè! Padà wá! Mo fẹ́ dúpẹ́ ni!”

Èmi, padà? Mo sáré débi pé nígbà tí mo dé Sharpstown, òjìji mi ṣì wà ní Humble, ó ń béèrè ọ̀nà.