Kẹ̀kẹ́ Ni Màmá Bu Omi Fún

Àǹtí Ṣadé, ẹ jẹ́ kí n sọ àlá yìí kí n tó gbàgbé. Mo gun kẹ̀kẹ́ láti Kánò dé ilé wa ní Ìwó, oṣù kan gbáko ni mo lò lọ́nà, ẹsẹ̀ mi ti di igi. Màmá wa jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sáré bu omi tútù wá, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e fún.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. O mà ti rù o!"

Kẹ̀kẹ́ mu omi náà tán, ó dá ife padà. Wọ́n tẹ́ ẹní mi fún un, wọ́n ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra á ní táyà. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òùngbẹ ń gbẹ mí, ojú sì ń tì mí láti sọ pé èmi ni ọmọ wọn.

Nígbà tó yá, Màmá wò mí, wọ́n bi kẹ̀kẹ́ pé, "Ta lo mú wá yìí?"

Kẹ̀kẹ́ ní, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, Màmá. Ó kàn jókòó lé mi lẹ́yìn láti Kánò ni. Ẹ bi í."

Màmá wá kọjú sí mi. Mo la ẹnu láti dárúkọ ara mi, agogo kẹ̀kẹ́ ló dún jáde lẹ́nu mi, mo bá jí.