Ẹyẹ Tó Dorí Kodò

Ìyá Aránṣọ kì í gba owó onírin lọ́wọ́ oníbàárà kó má yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn. Kì í ṣe ayédèrú ló ń wá o, ẹyẹ ló ń wá. Orí àgbà kan wà níwájú owó, ẹyẹ wà lẹ́yìn, béèyàn bá sì yí i padà, ẹyẹ á dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nígboro tí ẹyẹ tiwọn dorí kodò, ẹsẹ̀ lókè bí adìẹ tí wọ́n ń gbé lọ tà. Àwọn yẹn ló ń kó sínú agolo bisikíìtì. Nígbà kan, ọ̀kan já bọ́ sábẹ́ tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ìdí rẹ̀ tí àga kan kì í gbà tán kọjú sí oníbàárà, ló bá só. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, àga ló ń kí yín."

Gbogbo èèyàn gbà pé ọkọ rẹ̀ ló tẹ àwọn owó náà. Ìdí ẹ̀rọ ló wà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ owó, títí ọjọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó jáde pẹ̀lú ẹyẹ adoríkodò. Wọ́n lé e. Oṣù mẹ́ta gbáko, tọkọtaya ò rẹ́rìn-ín. Àfi ọjọ́ tí ìyàwó rí ọ̀kan nínú ṣéńjì búrẹ́dì, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ ọkọ rẹ̀.

"Baálé mi, ọmọ yín ń wá yín kiri o."

Ọkùnrin náà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọ́ ní Baba Ẹlẹ́yẹ. Ogún ọdún ó lé ló fi fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọkọ kọ́kọ́ gbé ọmọ-ọmọ wọn, obìnrin yìí pariwo níwájú àna, "Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, á dorí ẹ̀ kodò." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì rọra gbé ọmọ lé àna lọ́wọ́.

Ọdún kejì tí ọkọ náà kú, Baba Onísípánà wá kí opó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tí òun àti olóògbé jọ wà nílé iṣẹ́ owó, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa de òǹtẹ̀ tó ń tẹ ẹyẹ sára owó mọ́ ẹ̀rọ láràárọ̀. Ìyá Aránṣọ ṣí agolo fún un.

"Ẹ wá wo àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ yín. Wọ́n pọ̀ ju tèmi lọ."

Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, kì í ṣe òun ló bí wọn."

"Ta wá ni?"

"Èmi ni. Ìyàwó mi bí ìbejì mọ́jú ọjọ́ yẹn, mi ò fojú kan oorun. Mo dorí òǹtẹ̀ kodò, mo dè é pa. Ọ̀gá ti rán ọkọ yín níṣẹ́, mi ò dúró dè é, mo tan ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n béèrè, mo gbé ẹnu mi dákẹ́."

"Ó mọ̀?"

"Ó mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ méjì, níbo ló ti máa rí iṣẹ́ míì?"

"Kò sì sọ fún mi."

"Mo fẹ́ wá sọ fún yín nígbà tó yá. Òun ló bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Ó ní ẹ̀rín ti kúrò nílé òun, owó yẹn ló dá a padà. Ó ní bí mo bá sọ ọ́, kí lẹ máa wá fi rẹ́rìn-ín?"

Ìyá Aránṣọ mú owó kan nínú agolo, ó yí i tojú tẹ̀yìn. Gbogbo yẹ̀yẹ́ ogún ọdún ń padà wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá ti ọjọ́ tí ọkọ gbé ọmọ-ọmọ wọn. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló jáde.

"Ẹ foríjì mí," Baba Onísípánà wí.

"Ẹni tó lè forí jì yín ti lọ." Ó fi etí ìró nu imú. "Òun náà lèmi ń wá láti bẹ̀."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, arúgbó méjì, bí ẹni tó ń dúró de ẹni tí kò ní í wọlé mọ́.