Bùláńkẹ́ẹ̀tì Chuwang Nínú Ìbọn Tísà

Ó pẹ́ tí Tísà Olúgbóyèga ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń bá ọmọ iléèwé wí ṣì wà lọ́fun rẹ̀ digbí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò rí sọ parí fún Chuwang ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé bá ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni.

Lọ́dún tí ìjà ńlá dé sí Jọ́ọ̀sì, Chuwang, ọmọ ẹ̀yà Berom tí òun àti Tísà jọ ń dẹ igbó Vom, ló wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá sí Bukuru níbi tí Tísà ń gbé. Ó ní kí Tísà àti Morónkẹ́ aya rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, ó to àpò ọ̀dùnkún yí wọn ká, ó sì wà wọ́n kọjá láàárín àwọn tó dí ọ̀nà bí ẹni tó ń lọ ọjà. Ilé rẹ̀ ní Vom ni wọ́n wà títí ìlú fi rọ̀.

Yorùbá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Tísà ò fẹ́ jalè. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tó bá ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Chuwang á ti gbá a lápá mú. “Haba, Tísà! Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ba komai.” Kò sí nǹkan kan, ló ń fi Hausa wí o. Odindi ìdílé wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ní kò sí nǹkan kan! Àwọn tí kì í jẹ́ kéèyàn dúpẹ́ yìí, ìyà gidi ni wọ́n fi ń jẹni.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni Chuwang kú. Tabitha opó rẹ̀ ránṣẹ́ pé ọdẹ ni ọkọ òun, kí ìbọn Tísà dún nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ kalẹ̀. Tísà sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́ tí Chuwang ò ní lè dá mọ́ òun lẹ́nu ti dé.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Kátíríìjì onídẹ tí wọ́n ń kì bọ ìbọn, tó ṣeé rọ ètù dúdú sí lẹ́ẹ̀kan sí i, ni Tísà ń lò, Chuwang ló sì máa ń ṣe wáàdì rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń há lé ètù lórí kó lè fún pinpin. Ìbọn ìdágbére kì í ní ọta nínú, ọwọ́ wáàdì nìkan ni gbogbo rẹ̀ kù sí. Bí kò bá fún, iná lásán ni ètù ń jó, kì í dún.

Tísà kọ́kọ́ gé páálí ẹyin ṣe wáàdì. Ó yìn ín lẹ́yìnkùlé, ìbọn sọ pé “fùù” bí ìkòkò ẹ̀wà tó fẹ́ hó dànù.

“Bàbá Káyọ̀dé,” ni Morónkẹ́ wí, “ṣé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí Chuwang pé ó dìgbà nìyẹn?”

Ó wá há àkísà òwú sí i. Ìyẹn dún o, ṣùgbọ́n àkísà náà já bọ́ sórí koríko gbígbẹ pẹ̀lú iná, omi aṣọ tí Morónkẹ́ ń fọ̀ ló fi pa á. “Kẹ́ ẹ má lọ sun ilé olókùú mọ́ wọn lórí!” ni obìnrin náà wí.

Tísà rántí pé irun àgùntàn ni Chuwang ń lò, nítorí kì í gbaná bí òwú. Kóòtù onírun òkìríkà ló máa ń ṣà ní ọjà Terminus tó ń gé. Tísà lọ síbẹ̀, ó yẹ kóòtù wò títí, kò rí onírun, àfi èyí tó dà bí ọ̀rá. Nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀la, ó wọkọ̀ lọ sí Vom lọ jẹ́wọ́ fún Tabitha pé apá òun ò ká a.

Tabitha wọlé. Ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn kan jáde. Tísà rí i, ó dìde fùú.

“Ẹ dá a padà, Ìyáàfin Tabitha. Ohun tó gbà wá là ni kí n wá fọ̀bẹ gé?”

“Tísà, ẹ jókòó.” Obìnrin náà tẹ́ ẹ sórí ìtì igi. “Ṣé ẹ mọ ìdí tí kì í fi í jẹ́ kẹ́ ẹ dúpẹ́? Ojú ló ń tì í. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà á. Ó ti yí ọkọ̀ padà lójú ọ̀nà Bukuru, ó ti ń bọ̀ nílé. Ó dúró, ó sunkún, ó tún yí i padà sọ́dọ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá ti ń dúpẹ́, ibi tó ti fẹ́ fi yín sílẹ̀ yẹn ló ń rántí.”

Tísà jókòó wọ̀ọ̀. Látọjọ́ yìí, akọni tí kò mọ ẹ̀rù ló rò pé òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọkùnrin yìí tó bẹ́ẹ̀, ó sì tún wá! Ọpẹ́ náà wá pọ̀ sí i lọ́kàn rẹ̀.

Tabitha na páìpù irin tí ọkọ rẹ̀ fi ń gé wáàdì, tó ti lọ ẹnu rẹ̀ mú, sí i. “Ẹ gé e. Kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́ bí a bá tọ́jú rẹ̀.” Tísà gbé páìpù lé bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi òòlù lù ú, wáàdì rébété já bọ́ sílẹ̀. Tabitha ń ṣà á bó ṣe ń gé e.

Wọ́n ti sọ fún àwọn ọlọ́pàá àti baálẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ìbọn kì í ṣe ohun tí ará Jọ́ọ̀sì ń gbọ́ tí kì í sá. Nígbà tí pósí kanlẹ̀, Tísà yìn ín. Ó dún tí òkè Vom fi dáhùn, kò sì sí ẹni tó sá. Wáàdì fọ́n sórí koríko, iná ò ràn.

Tísà gbé ìbọn sílẹ̀. Ó rọra kúnlẹ̀, ó na gbogbo ara rẹ̀ sínú eruku létí sàréè, àgbàlagbà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò. Àwọn ọ̀dọ́ sáré wá gbé e dìde, Tabitha na ọwọ́ dí wọn.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kó dúpẹ́ tán.”

“Ẹ ṣé, Chuwang,” ni Tísà fi Yorùbá wí, ó ti gbàgbé pé Hausa ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ. “Ẹ̀rù bà yín, ẹ sì wá.”